Àwọn tó ń gbọ́ tẹnu nọ́ọ̀sì: kí ni iṣẹ́ assistant psychologist nínú NHS?

Ní oṣù Keje ọdún 2025, ìjọba Ìlú Ọba gbé ètò ọlọ́dún mẹ́wàá jáde fún NHS, ìyẹn iṣẹ́ ìlera ìjọba, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láàárín ìlérí jàǹtìrẹrẹ tó wà nínú rẹ̀, ọ̀kan wà tí àwọn ìwé ìròyìn kò fi bẹ́ẹ̀ kà sí: pé ibùdó ìtọ́jú yóò wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fúnra wọn, fún ẹ̀yìn ríro àti fún ìlera ọpọlọ. Ẹni tó bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ayé Kòrónà á kàn mirí ni, torí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ti wà rí. Ogójì ni wọ́n dá sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí àrùn náà bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹta 2023, owó tó ń ti orílé-iṣẹ́ NHS wá fún wọn tán. Àwọn kan ti ilẹ̀kùn, àwọn kan dín òṣìṣẹ́ kù, àwọn tó ṣẹ́kù ń wá owó kiri agbègbè wọn. British Psychological Society, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì, pariwo títí kí wọ́n má gé owó náà, àmọ́ wọ́n gé e.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Yorùbá ju bí a ṣe rò lọ. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Nàìjíríà, tí orúkọ wọn sì wà nínú ìwé NMC tó ń ṣàkóso iṣẹ́ náà ní Ìlú Ọba, ti lé ní 10,000. Nínú àwọn tó ti òkè òkun wá, India àti Philippines nìkan ló ṣáájú wa. A ò tíì ka àwọn dókítà mọ́ wọn, a ò sì tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ kíà ní ilé àwọn arúgbó. Ẹbí wo ló kù ní Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú tí kò ní ọmọ tàbí àna kan níbẹ̀? Tí wọ́n bá pè wálé, iye tí wọ́n ń gbà àti ìgbà tí wọ́n máa ra ilé la máa ń bèèrè. Ohun tí ojú wọn ń rí ní wọ́ọ̀dù ní aago mẹ́ta òru, a kì í bèèrè.

Ní irú ibùdó tí mo ń sọ yìí, ẹni tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ máa ń bá sọ̀rọ̀ kì í sábà jẹ́ dókítà tàbí ọ̀gá onímọ̀ saikọ́lọ́jì. Assistant psychologist ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀dọ́ tí kò tíì pẹ́ tó kúrò ní yunifásítì ni, tó gba oyè nínú saikọ́lọ́jì, tí British Psychological Society sì fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà. Abẹ́ onímọ̀ tó ti gba ìwé àṣẹ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ẹni yẹn ló máa ń jókòó tì í lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti gbọ́ bó ṣe ń lọ àti láti tún ojú ọ̀nà rẹ̀ ṣe. Òfin dáàbò bo orúkọ clinical psychologist, ìyẹn onímọ̀ saikọ́lọ́jì tó ń tọ́jú aláìsàn: ẹni tí kò bá sí nínú ìwé HCPC, àjọ tó ń forúkọ irú àwọn oníṣẹ́ ìlera bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ pe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kò dáàbò bo assistant psychologist. Nítorí náà, àbójútó ọ̀gá yẹn ni ààbò tó wà fún ẹni tó wá sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀. Tí assistant kan bá wà tí kò lè sọ ẹni tó ń bójú tó o, ẹ má bá a jókòó.

Ẹ wo owó rẹ̀. Ìpele kẹrin ni wọ́n sábà máa ń gbà á sí nínú ètò owó oṣù NHS. Ní ọdún ìnáwó 2025 sí 2026, ìyẹn bẹ̀rẹ̀ láti £27,485 lọ́dún, ó sì parí sí £30,162. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ wà ní ìpele karùn-ún, £31,049 ló ti ń bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn. Ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ nọ́ọ̀sì ń gba owó tó kéré sí ti nọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, wọ́n ń jà du iṣẹ́ náà. Ìpolówó iṣẹ́ kan lè jáde láàárọ̀ kí wọ́n ti pa á kó tó di alẹ́, torí ìwé ìbéèrè ti pọ̀ jù. Ìdí ni pé òun ni àtẹ̀gùn sí ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé ọlọ́dún mẹ́ta tí ń sọ ènìyàn di clinical psychologist. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS ló ń san owó ẹ̀kọ́ yẹn, wọ́n sì ń san owó oṣù ìpele kẹfà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ilé iṣẹ́ kan ní Leeds ló ń gba ìwé gbogbo àwọn tó ń béèrè, bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló sì máa ń wọlé. Àwọn kan tiẹ̀ máa ń ṣe iṣẹ́ assistant lọ́fẹ̀ẹ́ kí wọ́n lè rí i kọ sínú ìwé wọn. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ní ilé ní London lè ṣe ìyẹn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kíà lóru kó lè san owó ilé, kò lè ṣe é.

Iṣẹ́ náà gan-an ńkọ́? Fóònù ló ṣáájú. Òṣìṣẹ́ kan á kọ ìwé ránṣẹ́ tàbí kó pè pé òun ò sùn mọ́, pé tí òun bá ti rí ilé ìwòsàn náà lókèèrè, àyà òun á máa já. Assistant á pè é padà, wọ́n á sọ̀rọ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní àwọn ìbéèrè tí gbogbo wọn máa ń lò. PHQ-9, tó wà fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ní ìbéèrè mẹ́sàn-án nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, àárẹ̀, bóyá nǹkan kan ṣì ń wu ẹni í ṣe. Ìkẹsàn-án béèrè bóyá ó ti wá sí ẹni lọ́kàn pé ó sàn kéèyàn kú. GAD-7 wà fún ìpayà àti àníyàn. Assistant kì í sọ orúkọ àìsàn fún ẹni. Ó máa gbé ohun tó gbọ́ lọ bá ọ̀gá rẹ̀, wọ́n á jọ pinnu: ṣé kí ẹni yìí lọ rí dókítà rẹ̀, ṣé onímọ̀ tó dàgbà nínú iṣẹ́ ló yẹ kó bá a jókòó, àbí assistant fúnra rẹ̀ lè bá a ṣe é fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lórí oorun àti ìrònú tó ń yí po lórí ẹni.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kì í pè. Nọ́ọ̀sì tí kò ráyè mu omi láàárín wákàtí méjìlá, ibo ló ti fẹ́ rí wákàtí kan tí á fi jókòó sí ọ́fíìsì ẹlòmíràn? Ìdí nìyẹn tí assistant tó mọṣẹ́ fi máa ń tọ̀ wọ́n lọ. Á ti kẹ̀kẹ́ tíì àti bísíkíìtì wọ wọ́ọ̀dù, á dé ní àkókò tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ń fi iṣẹ́ lé ti alẹ́ lọ́wọ́, á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́túlù tí wọ́n fi ń se omi tíì. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè lè rò pé eré ló ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí wọn ò ní sọ nínú yàrá tí wọ́n kọ "wellbeing" sí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń bu ṣúgà.

Nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ wọn: ìpàdé tí wọ́n ń pè ní Schwartz Rounds. Kenneth Schwartz jẹ́ agbẹjọ́rò ní Boston, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló pa á ní 1995. Kó tó kú, ó rí i pé inú rere kékeré látọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì àti dókítà ló mú kí ìrora náà ṣeé fara dà, ó sì fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ ní ibi tí wọ́n á ti máa gbọ́ ara wọn. Ní 2009, King's Fund, àjọ kan tó ń ṣèwádìí lórí ètò ìlera, mú ètò náà wá sí Ìlú Ọba. Point of Care Foundation ló ń bójú tó o báyìí. Bí wákàtí kan ni, sábà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, oúnjẹ á sì wà. Ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin á sọ ìtàn ohun tí iṣẹ́ fi ojú wọn rí. Ó lè jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n oníṣẹ́ abẹ, ó lè jẹ́ ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́, kò gbọdọ̀ gbani nímọ̀ràn, kò gbọdọ̀ wá ọ̀nà àbáyọ. Àwa tí a kì í lè gbọ́ ẹ̀dùn ẹlòmíràn láì sọ pé "ìwọ gbàdúrà sí i," òfin yìí á ni wá lára díẹ̀. Assistant ló sábà máa ń sá kiri lẹ́yìn rẹ̀: á wá yàrá, á wá oúnjẹ, á jókòó ti ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ díẹ̀ ṣáájú kó má bàa sọ ju ohun tó fẹ́ sọ lọ, á gba èrò àwọn tó wá sílẹ̀.

Tí ìṣẹ̀lẹ̀ burúkú bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́, bí ọmọdé tó kú lójijì, tàbí aláìsàn tó pa ara rẹ̀ sí wọ́ọ̀dù? Níbí ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò àti ohun tí ìmọ̀ fi hàn ti yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá máa ń fẹ́ kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ lọ́jọ́ kejì kí wọ́n jókòó yíká, kí kálukú sọ ohun tó rí àti bó ṣe dùn ún tó. Láti 2005 ni NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti sọ pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ bíi ọ̀nà láti dènà àìsàn ìpayà tó ń tẹ̀lé àjálù. Wọ́n tún sọ ọ́ nínú ìlànà 2018. Ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ kì í ṣèrànwọ́, ó sì lè ṣèpalára fún ẹlòmíràn. Ohun tí assistant tó gba ẹ̀kọ́ dáadáa máa ń ṣe rọrùn ju ìyẹn lọ: á wo ẹni tó ń gbọ̀n, á rí i pé ó jẹun, pé ẹnì kan máa gbé e délé, á sọ fún un pé kò sí ohun tó yani lẹ́nu bí oorun bá dà rú fún ọjọ́ díẹ̀, á sì padà wá bèèrè rẹ̀ kó tó pé oṣù kan. Bí ọkàn ṣe máa ń sàn fún ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn, láì sí ìtọ́jú kankan. Àwọn tí kò bá sàn ni wọ́n máa ń rán lọ síwájú.

Kí ló ń ṣe wọ́n tó báyìí? Burnout ni orúkọ tó wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. Herbert Freudenberger, onímọ̀ saikọ́lọ́jì ní New York, ló kọ̀wé lé e lórí ní 1974. Christina Maslach ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀ ní 1981, ó sì pín in sí mẹ́ta: kí agbára tán pátápátá, kí aláìsàn wá dà bí nọ́ńbà lójú ẹni, kéèyàn máa rò pé òun ò wúlò lẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ohun tó ń ti ibi iṣẹ́ wá ni, kì í ṣe àìsàn. Gbólóhùn yẹn ṣe pàtàkì gan-an, mo sì ń bọ̀ wá bá a.

Kòrónà wá dá tirẹ̀ kún un. Láti oṣù Kẹta 2020, gbogbo ìlú ń jáde ní aago mẹ́jọ alẹ́ Thursday láti pàtẹ́wọ́ fún wọn. Lákòókò kan náà, dókítà mẹ́wàá tó kọ́kọ́ kú nínú NHS, kò sí òyìnbó kankan nínú wọn. Alfa Sa'adu, ọmọ Pàtégì ní ìpínlẹ̀ Kwara, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ. Ó ti fẹ̀yìn tì kó tó padà wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí láti King's College London bi òṣìṣẹ́ 709 ní wọ́ọ̀dù ìtọ́jú kánjúkánjú mẹ́sàn-án ní àárín ọdún yẹn, bí mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló ní àmì àìsàn ìpayà tó ń tẹ̀lé àjálù. Irú iye bẹ́ẹ̀, ojú ogun la ti ń retí rẹ̀. Ìgbì àrùn náà rọ̀, àárẹ̀ kò lọ. Nínú ìwádìí tí NHS ń ṣe lọ́dọọdún, tí ó lé ní 700,000 òṣìṣẹ́ máa ń dáhùn sí, ó ṣì ju mẹ́rin nínú mẹ́wàá lọ tó sọ pé wàhálà iṣẹ́ ti mú kí ara àwọn má yá láàárín ọdún kan.

Ẹ jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa. Èmi ò gbà pé a kò mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wá. A mọ̀. Orí la máa ń sọ pé ó ń gbóná, ẹ̀yìn la máa ń sọ pé ó ń ro, oorun ni kò wá. Tí assistant bá béèrè pé báwo ni, "a dúpẹ́" la máa kọ́kọ́ sọ, ìbéèrè mẹ́sàn-án yẹn á sì jáde ní òdo. Assistant tó gbọ́n kì í dúró níbẹ̀; á béèrè nípa ara, nípa oúnjẹ, nípa ìgbà tó bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Ìdí tí wọn ò fi ń pè lágbára ju ìtìjú lọ. Ilé ìwòsàn tàbí ilé arúgbó tó gbà wọ́n ló di físà wọn mú. Tí iṣẹ́ bá bọ́, ọgọ́ta ọjọ́ ni wọ́n sábà máa ń ní láti rí ẹlòmíràn tó máa gbà wọ́n tàbí kí wọ́n kó ẹrù. Ta ló fẹ́ lọ sọ fún ẹni tí agbanisíṣẹ́ kan náà ń sanwó fún pé òun ń sunkún nínú mọ́tò kóun tó wọlé? Ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ nìyí: ìwé tí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ ń kọ kì í sábà wọ fáìlì iṣẹ́, iye àwọn tó wá ni ọ̀gá ń rí, kì í ṣe orúkọ. Ọ̀rọ̀ máa ń jáde tí ẹ̀mí ẹni tàbí ti ẹlòmíràn bá wà nínú ewu, tàbí tí aláìsàn bá fẹ́ fara pa, assistant sì gbọ́dọ̀ sọ èyí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. NMC náà kì í yọ orúkọ nọ́ọ̀sì torí pé ó ní ìdààmú ọkàn. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ó ṣì lè ṣiṣẹ́ láì pa ẹnikẹ́ni lára.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ náà wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 2024, lẹ́yìn tí ẹnì kan fi ọ̀bẹ pa àwọn ọmọdé ní Southport, àwọn jàǹdùkú tó ń bínú sí àwọn àjèjì dà sí ìgboro ní ọ̀pọ̀ ìlú. Wọ́n kọlu nọ́ọ̀sì ọmọ Philippines ní Sunderland nígbà tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Ìpè tó ń wọlé lọ́sẹ̀ yẹn kò jọ ti tẹ́lẹ̀: báwo ni mo ṣe máa wọ bọ́ọ̀sì délé? Ṣé kí n bọ́ aṣọ iṣẹ́ kí n tó jáde? Ẹni tó ń gbé fóònù náà sì sábà máa ń jẹ́ ọmọbìnrin òyìnbó. Bí mẹ́jọ nínú mẹ́wàá nínú iṣẹ́ yìí ló jẹ́ obìnrin, aláwọ̀ dúdú kò sì pọ̀ níbẹ̀. Èyí kò sọ pé kò lè gbọ́. Àmọ́ tí nọ́ọ̀sì bá sọ pé aláìsàn kan sọ fún òun pé "má fọwọ́ kàn mí," ohun tó fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ ni bóyá wọ́n gbà á gbọ́.

Mo ní mo ń padà bọ̀ wá sórí gbólóhùn Àjọ Ìlera Àgbáyé. Tó bá jẹ́ pé ibi iṣẹ́ ni burnout ti ń wá, kí wá ni kíláàsì mímí sínú mímí síta máa ṣe fún nọ́ọ̀sì mẹ́ta tó ń ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́fà? A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Mo ti gbọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń fi áàpù ìfọ̀kànbalẹ̀ tí wọ́n fún wọn ṣe yẹ̀yẹ́, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi yẹn kì í ṣe ti assistant. Kò lágbára lórí rota tí wọ́n fi ń pín iṣẹ́, kò lè gba nọ́ọ̀sì kan síṣẹ́. Agbára tó ní wà nínú apá iṣẹ́ rẹ̀ tí kò dán lójú ẹnikẹ́ni: ó ń ka nǹkan. Wọ́ọ̀dù wo ni ìpè mọ́kànlá ti wá lóṣù yìí? Kí ló fà á? Tó bá ṣe tábìlì rẹ̀ dáadáa, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ní ìgboyà láti gbé e síwájú àwọn adarí, ó lè di ohun tí wọn ò lè ṣe bí ẹni tí kò rí. Níbi tí wọn ò bá ti ń ka ìwé rẹ̀, gbígbá ẹ̀jẹ̀ ló ń ṣe láì dí ọgbẹ́.

Òun náà kì í ṣe irin. Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ lè má ju ọdún kan lọ, ó ń gbọ́ ìtàn ikú láàárọ̀, ó ń kọ ìwé ìbéèrè fún iṣẹ́ mìíràn lálẹ́. Kí òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n, kó tó fọkàn tán an, ó ti lọ, ẹlòmíràn ti dé. Tí ibùdó tuntun tí wọ́n ṣèlérí ní 2025 bá tún dúró lórí owó ọlọ́dún kan kan, mi ò rí ìdí tó fi máa yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Ọmọ wa tó gba oyè saikọ́lọ́jì ní Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ tó ń ronú iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí British Psychological Society kí wọ́n wò ó bóyá ó bá tiwọn dọ́gba. Láì sí ìyẹn, ọ̀pọ̀ ìpolówó kò ní kà á sí. Kó sì mọ̀ pé owó ìpele kẹrin kò ga. Nílé, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ ní oṣù Kìíní 2023 láti rọ́pò èyí tí wọ́n ti ń lò láti ayé òyìnbó, àmọ́ nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ bá dá lágara ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀rẹ́, pásítọ̀ tàbí àfáà ló ṣì ń sáré lọ bá.

Ẹni tó wà ní Ìlú Ọba tó ń ka èyí, tó sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń bá wí: ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka occupational health bóyá staff support wà ní ibi iṣẹ́ yín, ẹ lè kàn sí wọn fúnra yín láì gba ọwọ́ ọ̀gá ní ọ̀pọ̀ ibi. Dókítà lè lọ bá Practitioner Health. Tí ọ̀rọ̀ bá ti di ti ẹ̀mí, Samaritans ń gbé 116 123 tọ̀sán-tòru lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tí kò bá sì fẹ́ kí ará ilé gbọ́ ohùn òun lè fi ọ̀rọ̀ náà "SHOUT" ránṣẹ́ sí 85258.